Ìwé Ìdajì Owó Oṣù

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin kan nílé iṣẹ́ aránṣọ kan, nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó nídìí ẹ̀rọ. Àmọ́ nígbà tí àrùn dé, tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé, ọwọ́ yíyá di ọwọ́ òfo. Àwọn ará ọ́fíìsì gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé, owó oṣù wọn ò yingin. Ta ló máa ru ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sílé? Oṣù mẹ́ta gbáko, àwọn aránṣọ ò gba nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wọ́n padà, máníjà dúró lẹ́nu géètì tòun tìwé lọ́wọ́.

"Ìdajì owó oṣù la ó máa san. Ẹni tí kò bá fẹ́, àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ nígboro."

Àwọn obìnrin aránṣọ náà ti gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ sírú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró gbọnin. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n torí ikọ́ lé òun?

Ẹnì kan bá bọ́ síwájú. Àbúrò Abẹ́rẹ́ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an.

"Padà," Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mílíìkì tọ́mọ mi ń mu, omi ló kù níbẹ̀."

Ó fọwọ́ sí i, ó wọlé.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Ọkọ Abẹ́rẹ́ náà, bíríkìlà, wà nílé láìníṣẹ́. Abẹ́rẹ́ gba ìwé, ó kà á látòkèdélẹ̀.

"Ìgbà wo ló máa parí, sà?"

"Nígbà tọ́jà bá yá."

"Ìyẹn kì í ṣọjọ́, sà."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *fún oṣù mẹ́ta péré*, kó tó fọwọ́ sí i.

"Ta ló ní kó o kọ nǹkan síbẹ̀?"

"Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tílé ìwòsàn ní ká rán gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, sà. Ta ló máa rán an?"

Máníjà wo àwọn méjìlélógún tó kù níta. Ó gba ìwé náà. Gbogbo wọn kọ ohun kan náà.

Lóṣù kẹrin, owó wọn padà bọ̀ sípò. Ti àbúrò Abẹ́rẹ́ ò padà, ìwé tirẹ̀ ò lópin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Abẹ́rẹ́ lọ bẹ máníjà. Máníjà ní ohun téèyàn bá fọwọ́ sí, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣì ń jókòó tira wọn, wọ́n ń rán irú aṣọ kan náà. Lọ́jọ́ owó, wọn kì í wo ojú ara wọn.