Bátìrì Ọwọ́-Ò-Sinmi

Àṣìṣe kékeré kan wà tí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ò-Sinmi ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì rò pé ìtọ́jú ni. Bó bá ní nǹkan tó ń lo bátìrì, kì í fi í sí iná àfi bó bá kú pátápátá. Ẹni tó ta fóònù àkọ́kọ́ fún un ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́mọge: "Jẹ́ kó jẹ tinú ẹ̀ tán kó o tó bù kún un." Ọ̀rọ̀ náà bá bátìrì ayé ìgbà yẹn mu díẹ̀; kò bá tòde òní mu rárá. Bátìrì òde òní kì í ṣe ìkòkò omi tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbọ́n gbẹ kó tó pọn òmíràn sí i. Bí wọ́n bá ń jẹ́ kó kú kó tó jẹun, ṣe ló ń gbó. Ohun tó bá a lára mu ni pé kó má kún dẹ́nu, kó má sì gbẹ. Ọwọ́-Ò-Sinmi kò mọ̀. Á lo láptọ́ọ̀pù rẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi ṣú, á tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, á ki ṣájà bọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì á sì jọ máa gbóná títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ló fún un lórúkọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ni ibà líle kan di létí nígbà tó wà ní kékeré. Ẹnu ọmọ náà sọ̀rọ̀ já gaara, ṣùgbọ́n ààrá ì báà sán lẹ́yìn rẹ̀, kò ní yíjú; ọ̀rọ̀ kúkúrú lẹ́nu ará ilé nìkan ló lè fojú kà. Nígbà tó wọ yunifásítì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jókòó tì í ní kíláàsì, tó ń tẹ gbogbo ohun tí olùkọ́ bá sọ, tí àbúrò sì ń kà á lójú láptọ́ọ̀pù bó ṣe ń jáde. Gbogbo rẹ̀ pátá ni: ẹ̀kọ́, àwàdà, ikọ́, títí dé ìsọkúsọ àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Nílé, bí ẹ̀rín bá sọ, tí àbúrò bá fojú béèrè ohun tí wọ́n ń rín, ṣe ni ìyá wọn máa ń ju ọwọ́ nù: "Kò ṣe pàtàkì, màá sọ fún ẹ tó bá yá." Kì í yá. Ọwọ́-Ò-Sinmi ti pinnu pé òun kò ní bá ọmọ yìí yan èyí tó ṣe pàtàkì láé.

Kò sí ọwọ́ tó yá tó ẹnu olùkọ́. Ọgbọ́n tó dá sí i ni àgékúrú. Bó bá tẹ lẹ́tà méjì péré, láptọ́ọ̀pù á tú u sí odidi gbólóhùn. Ó ti kó àwọn àgékúrú yìí jọ láti ọdún àkọ́kọ́, inú ògbólógbòó ẹ̀rọ yẹn nìkan ni wọ́n sì ń gbé. Ohun tó ń tú wọn kò gbà láti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tuntun kankan. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè yá tẹlòmíràn lò.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àbúrò lọ dáhùn ìbéèrè lórí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ mẹ́ta, bátìrì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín kíláàsì. Ọwọ́-Ò-Sinmi gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní abẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan. Bàbá náà tú ìdí ẹ̀rọ, ó wò ó títí.

"Ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

"Èmi ni, sà."

"O fi ebi pa á, lẹ́yìn náà lo wá rọ ọ́ yó. Orí ìrọ̀rí ló sì ń sùn, àbí? Mo rí òwú nínú ihò tó fi ń mí."

Ó fọwọ́ gbọn òwú náà dànù.

"Ìwọ ńkọ́, o máa ń sùn?"

"Bó bá ti kú, mo máa ń sùn, sà."

"Ẹ̀yin méjèèjì ló bà jẹ́ nìyẹn. Títún tìẹ ṣe ò sí lọ́wọ́ mi."

Wọn kò ṣe irú bátìrì náà mọ́. Bàbá ránṣẹ́ wá ọ̀kan lọ sí ọ̀nà jíjìn, kò sì mọ ìgbà tó máa dé. Ó ní títí dìgbà náà, kó máa ṣọ́ èyí lò: kó fi í sí iná kó tó rẹ̀ ẹ́ jù, kó yọ ọ́ kó tó kún tán, kó máa gbé e sórí pákó, kó lè mí, bó bá ń lò ó, kó dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, kó pa íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì ti gbogbo ohun tí kò bá lò.

Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Bátìrì tí kò lè gbé wákàtí kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ méjì. Ká má ṣi ọ̀rọ̀ sọ o: bátìrì tó ti gbó kì í tún padà dọ̀dọ́. Oúnjẹ ẹ̀rọ náà ló dín kù. Èyí tó sì dín jù ni ìmọ́lẹ̀, ojú àbúrò ló sì ń san án.

"Àǹtí," ó wí lọ́jọ́ kan, "ṣé inú kànga lo ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ sí ni?"

"Fara dà á. Ọjọ́ ìbéèrè là ń tọ́jú ẹ̀ dè."

Wọ́n wá fi ìbéèrè sí yàrá ìkàwé àtijọ́, níbi tí wọ́n ti gé iná nítorí àwọn tó ń tún òrùlé ṣe. Àbúrò bi í bóyá ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iná.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Màá bójú tó o."

Kò bá ẹnì kankan sọ ọ́. Láti ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì nítorí ọmọ yìí, ibí á ní kó lọ sọ́hùn-ún, ọ̀hún á ní kó padà síbí. Ó ti sú u. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó máa bá bátìrì jà ju kó tún lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹnìkan lọ.

Lọ́jọ́ náà, eruku ń jábọ́ láti òkè, òòlù ń dún. Ọwọ́-Ò-Sinmi dín ìmọ́lẹ̀ kù débi tó lè dín in kù dé. Alága béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, àbúrò sì dáhùn dáadáa. Olùkọ́ kejì jẹ́ ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ máa ń gùn, tó ń gba ẹ̀yìn ilé lọ kó tó wọlé. Àbúrò tẹ iwájú orí mọ́ ojú láptọ́ọ̀pù, ó ń wá ọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀, ìdajì ìbéèrè ló dáhùn. Olùkọ́ obìnrin tó jókòó ṣìkẹta kọ nǹkan sínú ìwé, ó tì í sọ́dọ̀ alága. Ọwọ́-Ò-Sinmi rí i. Ọmọ yìí mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí òun fi dù ú nítorí bátìrì ló fẹ́ gbé e ṣubú yìí.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bóyá ẹ̀rù wa ló ń ba arábìnrin."

Àwọn méjì yòókù rẹ́rìn-ín. Ọwọ́-Ò-Sinmi kò tẹ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kàn dúró lórí bọ́tìnnì.

Àbúrò rí ẹnu tó ń rín, kò rí ọ̀rọ̀. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Kò ṣe pàtàkì."

Àbúrò na ọwọ́, ó tan ìmọ́lẹ̀ láptọ́ọ̀pù dópin, ó sì kọjú sí àwọn olùkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Mi ò rí ohun tí ẹ ń sọ kà. Bátìrì wa ti gbó, kò sì sí iná níbí. Ṣé a lè lọ síbi tí iná wà?"

"Kí ló lè nínú ìyẹn?" alága wí. "Ọ́fíìsì akọ̀wé nìyẹn lẹ́yìn ògiri. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ti sọ látàárọ̀?"

Ọwọ́-Ò-Sinmi ti ń wá ṣájà nínú àpò. Àwọn olùkọ́ gbé àga wọn lọ́wọ́. Akọ̀wé yọ kẹ́tùlù rẹ̀ kúrò lójú iná, ó ń kùn pé omi òun ò tíì hó. Láàárín àwọn páálí ìwé, àbúrò ní kí olùkọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kejì sì fi ayọ̀ tún un sọ, ó tiẹ̀ fi kún un. Ọwọ́-Ò-Sinmi tẹ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìkùnsínú akọ̀wé. Àbúrò dáhùn gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Wọ́n ní ó yege, kó kàn tún orí kan ṣe.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àbúrò dúró níwájú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Adití ló wá ń sọ ọ́ fún ẹ."

"Mo gbọ́."

"Ṣé o gbọ́, àbí o kàn ń dá mi lóhùn?"

Ọwọ́-Ò-Sinmi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gbé e. "Ó rẹ̀ mí," ó wí. Kò sọ ọ́ rí. Àbúrò gba àpò láptọ́ọ̀pù ní èjìká rẹ̀, kò sì bá a jà sí i.

Bátìrì tuntun dé lẹ́yìn tí àbúrò ti gba ìwé ẹ̀rí. Ọwọ́-Ò-Sinmi ní òun ò ní jókòó síbi tí kò sí iná mọ́, kí bàbá náà fi í sínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn tó bá bá a mu.

Ibi tí a gbọ́ pé Ọwọ́-Ò-Sinmi wà kẹ́yìn ni ilé ìwòsàn ńlá kan, ní ẹ̀ka etí, níbi tó ti ń tẹ ọ̀rọ̀ dókítà fún àwọn aláìsàn tí kò gbọ́ràn. Ìdajì ọjọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ilé àbúrò rẹ̀ ló ń gbé.