Wáyà Láti Inú Àgọ́ Ìtọ́jú

Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi nínú àgọ́ náà, irú òórùn tí mo mọ̀ mọ́ àpótí aṣọ ìyá mi, àmọ́ tibí yìí ti dàpọ̀ mọ́ èéfín igi àti koríko tí oòrùn ti yan gbẹ. Inú pápá ńlá kan ní Richmond, nítòsí Houston, ni wọ́n pàgọ́ sí, níbi tí àwọn èèyàn kan ti máa ń pé jọ láti ṣe àfihàn ogun abẹ́lé tí Amẹ́ríkà jà láyé àtijọ́. Àwọn kan á wọ aṣọ ológun, wọ́n á yin ìbọn tí kò ní ọta nínú, wọ́n á sì ṣubú. Àwa tí a wà ní àgọ́ ìtọ́jú á gbé wọn wọlé, a ó máa di ọgbẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn. Mo wọ aṣọ gígùn tó ń wọ́lẹ̀, mo so épírọ́ọ̀nù funfun mọ́ ọn, mo sì fi fóònù mi pamọ́ sínú àpò rẹ̀, nítorí òfin ibẹ̀ ni pé ohunkóhun tí kò sí láyé ogun yẹn kò gbọdọ̀ hàn sí àwọn tó wá wòran.

O lè bi mí pé kí ni mo ń wá níbẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Sugar Land, bi mí bẹ́ẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé mi lọ láàárọ̀ Sátidé yẹn. "Ogun tí àwọn òyìnbó jà lórí ẹrú," ni wọ́n wí, "ìwọ fẹ́ lọ bá wọn tún un jà?" Mo ṣàlàyé pé àwọn obìnrin dúdú wà lára àwọn tó tọ́jú ológun nínú ogun náà, àti pé irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dára nínú fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Èsì ìdánwò ìwọlé náà ti jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì ti fìdí rẹmi. N kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ń retí rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n ti ń pè mí ní dókítà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ lẹ́tà sí wọn nínú fóònù mi. Mo kí wọn, mo kí Mọ́mì, mo ròyìn ooru Houston, mo ṣàlàyé pé ẹ̀rù ń bà mí, mo sì tún ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Lẹ́tà náà ti gùn débi tí ó fi máa ń rẹ ìka mi kí n tó fà á dé ìsàlẹ̀, n kò sì tí ì dárúkọ ìdánwò kankan.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wa ni bàbá òyìnbó kan jókòó sí pẹ̀lú irinṣẹ́ wáyà, tí wọ́n fi ń tẹ ìròyìn ránṣẹ́ láyé àtijọ́. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo ní Pasadena kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Irinṣẹ́ náà kò ju ọwọ́ irin kékeré kan lórí pákó lọ. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á dún kó, kó-kó, nínú àgọ́ ọ̀gágun ní òdìkejì pápá. Obìnrin tó ń ṣe dókítà wa ní kí n kọ wáyà sí ọ̀gágun pé omi àti báńdéèjì ti ń tán. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo gbé e fún bàbá oníwáyà, wọ́n sì wò ó títí. Mo ti kí ọ̀gágun, mo ti béèrè bí ara wọn ṣe rí, mo sì ti tọrọ àforíjì pé à ń yọ wọ́n lẹ́nu. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà láìkí wọn.

"Ọ̀gágun yìí á ti kú," ni bàbá náà wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, "kí n tó tẹ ìkíni rẹ tán."

Wọ́n fi pẹ́ńsù fagi lé e títí ó fi ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta: omi, báńdéèjì, kíákíá. Wọ́n ní ọ̀tá lè gé okùn wáyà nígbàkigbà, nítorí náà ohun tó ṣe pàtàkì jù la máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, a dúró títí ẹni tó wà lọ́hùn-ún fi tẹ ọ̀rọ̀ náà padà gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, kí a lè mọ̀ pé ó dé. Ó wọ̀ mí lọ́kàn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ronú pé bóyá gígùn lẹ́tà mi ni kò jẹ́ kó parí.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìn àgọ́, mo pa lẹ́tà náà rẹ́ pátápátá, mo sì kọ òmíràn: "Dádì, ìròyìn tí mo ní kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí." Mo fi ránṣẹ́ kí àyà mi tó tún já. Mo rò pé ìwà akin ni mo hù.

Bí mo ṣe ń di orí ológun kan ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò mi, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó gbọgbẹ́ náà la ojú kan. "Lọ gbé e," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò ní í kú kó o tó dé."

Mo sáré padà sẹ́yìn àgọ́. Àǹtí mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá mi ló wà lórí fóònù báyìí. Wọn kò kí mi.

"Ta ni?"

Mo ní, "Èmi ni, Dádì."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, sà. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n jókòó, kì í ṣe ikú. Ẹkún Mọ́mì ni mo gbọ́ tẹ̀ lé e, ẹkún ẹni tí ara tù.

Ìgbà yẹn ni bàbá mi sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́ ní Zaria, wáyà kan dé: Bàbá ń ṣàìsàn, wá sílé. Gbogbo ọ̀nà nínú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi ń ro oògùn tí wọ́n máa rà. Ìgbà tí wọ́n dé ìta ilé, tí wọ́n rí àga àwọn olùbánikẹ́dùn níta, ni wọ́n tó mọ̀. Àwọn ará ilé ti sin bàbá wọn. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ kọ ikú sínú wáyà sí ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn. Wọ́n kàn máa ń pè é wálé ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀rọ̀ ṣókí bá dé láìsí ìkíni, orúkọ òkú ni bàbá mi máa ń dúró láti gbọ́.

"Ó yá," ni wọ́n wí. "Sọ ọ́ báyìí. Má yí i po."

"Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, sà."

"O fìdí rẹmi nínú ìdánwò," ni wọ́n wí, díẹ̀díẹ̀. "Ara rẹ le. Mo ti gbọ́."

N kò ní parọ́ fún ọ pé inú wọn dùn. Mo gbọ́ ìjákulẹ̀ nínú ohùn wọn, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Àmọ́ wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ara líle, mo sì rí i pé nínú méjèèjì, wọ́n mọ èyí tó tóbi jù. Wọ́n ní a ó sọ̀rọ̀ lọ́la, kí n tètè pe àǹtí mi, torí ìfiránṣẹ́ mi ti dé etí wọn, wọ́n ti wà lójú títì márosẹ̀, wọ́n ń sunkún bọ̀ wá gbé mi.

Mo pe wọ́n lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ogun parí, tí àwọn tó gbọgbẹ́ dìde tí wọ́n lọ tò síbi oúnjẹ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá oníwáyà. Mo sọ fún wọn pé mo ti máa ń rò pé ìkíni wa kàn jẹ́ ọ̀wọ̀, nǹkan tí a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kí a tó dé ìdí rẹ̀. Àṣé òun gan-an ni ìròyìn àkọ́kọ́: ó ń sọ fún ẹni tó wà lókèèrè pé a ṣì wà. Wọ́n nawọ́ ìwé sí mi pé kí n kọ wáyà ìparí ọjọ́ náà.

Mo kọ ọ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Gbogbo wa wà láàyè. Báńdéèjì ti tán.

Wọ́n gbé pẹ́ńsù sókè lórí ìkíni náà, wọ́n rò ó, wọ́n sì gbé e sílẹ̀. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ pátá. A jókòó, a ń dúró, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà láti òdìkejì pápá, kó, kó-kó, pẹ̀lú ìkíni náà lódindi.