Àtẹ́lẹwọ́ Lára Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí olóògbé bíríkìlà wa jẹ́, kó lọ wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nígun òpópónà wa. Àtẹ́lẹwọ́ méjì ló wà lára rẹ̀. Èyí tó tóbi ni tiẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kun ilẹ̀kùn náà, péńtà fi páálí kọ́ ọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ẹ má fọwọ́ kàn án, ọ̀dà tutù." Bíríkìlà dúró, ó kà á, ó tún un kà.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi tí mo kùn ún ni, bàbá."

"Ìwọ tí o kùn ún, ẹlẹ́jọ́ ni ọ́. O kì í ṣe ẹlẹ́rìí."

Bàbá bá tẹ gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mọ́ ilẹ̀kùn. Ó yí ọwọ́ padà, ó wò ó, ó rí i pé ó ti di àwọ̀ ewé. "Ó dáa," ló wí, "mo ti wá gbà báyìí." Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń fi ọwọ́ aláwọ̀ ewé bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Kì í ṣe ìgbéraga o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní okùn kan tó so irin mọ́ nídìí, tó fi ń yẹ ògiri wò bóyá ó gún, ó sì ti rí ọ̀pọ̀ ògiri tó dúró dáadáa lójú ṣùgbọ́n tí okùn ní irọ́ ló ń pa. Látìgbà náà, kò gba nǹkan kan gbọ́ tí kò bá wọ̀n ọ́n. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà sí apá ara rẹ̀, kóun lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn. Nọ́ọ̀sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí àlàáfíà lè wà. Tiẹ̀ ru ju ti bàbá lọ. Dókítà ní kí nọ́ọ̀sì lọ sinmi nílé, bàbá ló sì bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà, tó ń kìlọ̀ fún un pé kó dín iyọ̀ jíjẹ kù.

Ẹnu rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Ohunkóhun tí a bá bẹ̀ ẹ́, "Mi ò lọ" ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ìdí tí a fi ń pè é ní Bàbá Mi-ò-Lọ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í bá a jiyàn. Bó bá ti sọ ọ́, obìnrin náà á yí padà, á máa ká aṣọ rẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí yóò gbọ́ ìró ṣọ́bìrì.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ti alàgbà yàtọ̀. "Ó ti yá, sà!" lèsì tirẹ̀. Aago ṣọ́ọ̀ṣì kú, ó ní ó ti yá. Ọdún kẹta rèé, aago mẹ́rin àbọ̀ la ṣì wà.

Bíríkìlà kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Á sin ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ akọrin, dé ẹnu ilẹ̀kùn, á sì dúró síta. Ibẹ̀ ló dúró sí lọ́jọ́ kan tó fi ṣàdédé fún ojú pọ̀. Nígbà tí wọ́n kọrin tán, ó pe pásítọ̀.

"Pásítọ̀, ògiri ẹ̀yìn akọrin yìí máa wó."

"Bàbá, ogójì ọdún ló ti wà níbẹ̀."

"Ìdí tó fi rẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ò gba Ọlọ́run gbọ́, ẹ wá fẹ́ ká gba okùn yín gbọ́?"

Bàbá ní kí wọ́n bá òun gba ẹ̀yìn ilé, ó sì ta okùn sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ògiri ti fi ìka mẹ́rin tẹ̀ sínú. Wọ́n rí i, pásítọ̀ rí i, alàgbà tilẹ̀ fi ìka ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Wọ́n bá ní okùn ló wọ́.

Ó délé, kò lè jẹun. Abẹ́ ògiri yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ń jókòó sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wa gbé bẹ́ǹṣì kúrò níbẹ̀," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò lọ! Wọ́n ní okùn mi wọ́."

Obìnrin náà yí padà, ó ń ká aṣọ. Nígbà tó fi di ọ̀sán Sátidé, bàbá ti dá gbogbo bẹ́ǹṣì akọrin gbé lọ sí apá kejì, ẹ̀yìn sì ń ro ó.

Àárọ̀ Sọ́ńdè, inú ń bí àwọn akọrin. Pásítọ̀ ní kí alàgbà dá bẹ́ǹṣì padà síbi tó wà. "Ó ti yá, sà!" ni alàgbà wí, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí àwọn èèyàn. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹni tó dá ọ̀lẹ náà.

Pásítọ̀ wá ń wàásù lórí baba tó rán ọmọ rẹ̀ méjì níṣẹ́ oko. Àkọ́kọ́ ní òun ò lọ, ó ronú, ó sì lọ. Èkejì ní ó ti yá, kò sì débẹ̀. Bó ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìjọ yíjú sí alàgbà. Pásítọ̀ ní àwọn àgbà tó gbọ́ràn ní ẹnu lásán ni Jésù ń bá wí, àwọn tó rí i tí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ yí padà lójú wọn kòrókòró, tí wọn ò sì gbà. "Ẹni tí kò rí, ó ní àwáwí," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó rí, tó ní okùn ló..."

Ó wo ògiri. Ó ti gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ògiri náà ò dúró kó parí ẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì wó wálẹ̀ gbì sórí ibi tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀.

Bíríkìlà sáré wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tó wọ ibẹ̀ tí ìsìn ń lọ. Nínú eruku ló ti ń ka àwọn akọrin lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá. Ó tún un kà. Ìkejìlá ni ìyàwó rẹ̀, tó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lórí. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n," ni alàgbà wí lórí ìkúnlẹ̀, "okùn yín ò wọ́."

"Bàbá, nínú àwọn ọmọ méjì yẹn..." ni pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó búlọ́ọ̀kù."

Òun náà ló tún ògiri mọ. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé, ìyàwó rẹ̀ á béèrè bóyá yóò wá lọ́la, á ní, "Mi ò lọ." Ní gbogbo Sọ́ńdè, á wà nídìí ògiri rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé e.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, pásítọ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rọra béèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣetán láti lọ sílé Baba?"

"Mi ò lọ."

Alàgbà bú sẹ́kún. Pásítọ̀ ò mọ ibi tí yóò wò. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín, omi lójú rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń gbọ́ ọ. Kò sọ ọ́ rí kó má lọ." Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n ní kí alàgbà tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kùn nítorí ìsìnkú. "Ó ti yá, sà," ló wí, gbogbo wa sì mọ̀ pé ó parí síbẹ̀. Àfi bí a ti débẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí a bá ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀ àti lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ti kun gbogbo rẹ̀ tán, ó rọra fi búrọ́ọ̀ṣì yí ìka márààrún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká, kò fi ọ̀dà kan ọ̀kankan. Ó sì gbé páálí kọ́ ọ: "Ọ̀dà tutù."

Opó bíríkìlà dúró níwájú ilẹ̀kùn. Ó ka páálí náà, ó tún un kà. Ó wá tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni.