Àpótí Tó Bá Gbogbo Ènìyàn Mu

Àwọn tó ń ta àpótí yẹn ní irọ́ kan tí wọ́n jọ ń pa: wọ́n ní ó bá gbogbo ènìyàn mu. Àpótí kékeré ni, kò ju Bíbélì ńlá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sín áńpù jẹ, ẹ̀rọ onígi tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Ẹ tẹ ibí, ohùn rẹ̀ á di ti áńpù àtijọ́. Ẹ tẹ ọ̀hún, á di ti èyí tó dé lánàá. Ta ni yóò tún máa ru áńpù onígi kiri?

Olútóyè ló ń rù ú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Accra ni, ó ń ta wáyà àti gílóòbù ní ọjà Okaishie, ó ń dá gbé yàrá kan ní Kokomlemle. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á fara ti áńpù náà kí ohùn lè máa gba inú eegun rẹ̀ kọjá. Kì í fi ike pẹlẹbẹ tí àwọn onígìtá fi ń gbá okùn ta á. Àtàǹpàkò àti ìka kan ló ń lò, jẹ́jẹ́, bí àwọn àgbà ṣe ń ta á nídìí ẹmu. Láti ìgbà tí Ojúọlá ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí Ọmọ́wùnmí ọmọ wọn sì ti bá ọkọ lọ sí Ìlọrin, ọjọ́ Àìkú nìkan ni ẹnikẹ́ni ń retí rẹ̀ níbì kan. Bí wọ́n bá gba gìtá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún sí ibi tó ń lọ mọ́.

Lẹ́yìn kòrónà, ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìsìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ariwo pọ̀ jù. Wọ́n fi gíláàsì yí ìlù ká, wọ́n ní kí áńpù Olútóyè máa lọ sílé, wọ́n ra àpótí. Kálukú á máa gbọ́ ara rẹ̀ nínú íápíìsì. Phoebe, ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ ohùn, ni yóò máa pín ohùn wọn fún ìjọ.

Túnmiṣe, ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá kejì, ló to àpótí náà. Ó fi ike gbá okùn, ohùn jáde bí oyin. Olútóyè náà ki wáyà bọ̀ ọ́, ó fi ìka kan okùn, àpótí dákẹ́. Ó tún kàn án, ohùn díẹ̀ jáde, àpótí gé ìyókù jẹ. Ìlẹ̀kùn kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó máa ń tì mọ́ ariwo wẹ́wẹ́. Títa jẹ́jẹ́ Olútóyè, ariwo wẹ́wẹ́ ló kà á sí.

“Ẹ gbá a dáadáa ni, Daddy,” Túnmiṣe ní. “Àpótí tí gbogbo àwọn onígìtá ń lò nìyí.”

Olútóyè gbá a. Odindi oṣù kan ló fi ń gbá okùn bí ẹni ń lé ewúrẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wú. Wọ́n wá ń yìn ín pé, “Daddy, a gbọ́ yín lónìí o!” Ìyìn yẹn dùn ún ju èébú lọ, nítorí kì í ṣe òun ni wọ́n gbọ́. Túnmiṣe ò purọ́ o. Ọmọ dáadáa ni, àpótí náà sì dára. Ìka ò dọ́gba ni. Ẹni tó ń fi ike gbá okùn ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé ariwo, ẹni tó ń fi ìka kàn án jẹ́jẹ́ ń fẹ́ èyí tó ní sùúrù. Ogójì ohùn ni ẹnìkan ń wá, ẹyọ kan péré ni ẹlòmíì ń wá. Àwọn tó kọ “gbogbo ènìyàn” sára páálí, kí wọ́n wá wọ bàtà Olútóyè wò.

Yàkúbù, tí ìsọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Olútóyè, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oríṣiríṣi kalẹ̀ fún un. Àkọ́kọ́ ní bọ́tìnì tó pọ̀ ju ohun tí ojú àgbà lè kà. Èkejì máa ń pẹ́ dáhùn. Ìpẹ́ náà ò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ìka mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta jẹ́ àlòkù, bọ́tìnì mẹ́ta péré, kò sí ìlẹ̀kùn kankan nínú rẹ̀. Olútóyè kan okùn, ohùn jáde bó ṣe rán an, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán fúnra rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá Tóyè, lafiya? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

“Rárá. Ó dára.”

Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ dùn bí ìgbà tí Ojúọlá wà láyé. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, á jókòó sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn gíláàsì ìlù, á ki íápíìsì bọ etí, á ta gbogbo ohun tó mọ̀. Ó tún fi ọnà kan tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn kún un. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó fi ìsìn náà ránṣẹ́ sí Ọmọ́wùnmí lórí wọ́sáàpù. Ohùn ọmọ náà padà wá:

“Bàbá mi, ṣé ara yín ò yá ni? Mo gbọ́ ọ tán. Gìtá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ yín.”

Olútóyè tẹ́tí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òótọ́ ni. Ó lọ bá Phoebe lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Phoebe wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọjọ́ tí Olútóyè gbé àpótí tirẹ̀ dé, òun ló ti ọ̀nà ohùn rẹ̀ pa kó lè ki wáyà bọ ibẹ̀. Ó ṣí i fún etí Olútóyè, ó gbàgbé láti ṣí i fún ìjọ.

“Daddy, mepa wo kyɛw, ẹ má bínú. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó?”

“Mẹ́rin.”

“Ei! Nobody sọ fún mi o.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Olútóyè ní. “Kò sẹ́ni tó sọ.”

Kò bá a jà. Bí áńpù onígi bá dákẹ́, ẹni tó ń ta gìtá ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Inú etí ara rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣe àríyá láti oṣù kan, ìtìjú àti ìdánìkanwà sì mú un débi tó fi ẹsẹ̀ rìn dé Kokomlemle láì wọ bọ́ọ̀sì trotro.

Lọ́jọ́ Àìkú, Phoebe ṣí ọ̀nà. Olútóyè ta á jẹ́jẹ́. Bí ìsìn ṣe parí, Ìyá Ayọ̀mikún, olórí àwọn ìyá ìjọ, yí gíláàsì ìlù ká wá bá a, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Ọmọ́wùnmí! Bí mo ṣe gbọ́ gìtá yẹn báyìí, mo ní ẹ ti dé. Ìrìn àjò yẹn pẹ́ o! A ṣàárò yín gan-an. Ará ilé lọ́hùn-ún ńkọ́?”

Wọ́n ṣàárò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é. Olútóyè wo ọwọ́ méjèèjì tí ìyá náà nà sí i, ó gbà á mú.

“Wọ́n wà dáadáa,” ó ní. “Wọ́n ní kí n kí yín.”