Omi Tí Ọkọ Ràfíà Máa Ń Béèrè

Bí wọ́n bá gbé omi fún àlejò lójú mi, olóògbé ọkọ Ràfíà ọmọ mi ni mo máa ń rántí. Iṣẹ́ rẹ̀ ní méèrì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni láti wò bóyá ètò omi ìjọba ń ṣe àwọn abúlé láǹfààní. Kì í kọ́kọ́ wo pọ́ǹpù. Ilé ló máa ń wọ̀, á ní: “Ẹ fún mi ní omi tí àwọn ọmọ ń mu.”

Lọ́jọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa nítòsí Goro, Sàfúrátù ìyàwó mi sáré gbé omi ọ̀rá wá, torí ẹni iyì ni àna. Kò fọwọ́ kàn án. Ó tún béèrè. La bá bu omi odò pípọ́n fún un nínú àmù, nítorí omi pọ́ǹpù ń rùn.

Yáyá, baálẹ̀ wa, fò dìde. “Àna, ṣé o fẹ́ pa wá ni? Bí o bá kọ ọ́ pé a ò mu omi pọ́ǹpù ìjọba, wọn ò ní gbẹ́ òmíràn fún wa láéláé!”

“Ẹ má bínú, bàbá. Tí mo bá ka pọ́ǹpù nìkan, wọ́n á ní ẹ ti lómi.”

Ó mu omi odò náà tán, ó sì kọ ohun tó mu. Yáyá kò kí mi mọ́ títí wọ́n fi wá gbẹ́ òmíràn.

Ikú ti mú un lọ báyìí. Pọ́ǹpù kejì náà ti bàjẹ́. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ dé lánàá, ó ya fọ́tò pọ́ǹpù, ó gun alùpùpù rẹ̀. Mo na ife omi odò sí i.

“Ẹ ṣé, bàbá. Òǹgbẹ ò gbẹ mí.”

Yáyá lọ dúró síwájú alùpùpù náà. “Àna wa mu ún,” ló wí. “Ìwọ náà, mu ún.”