Ẹ̀rọ Tó Ń Kígbe Olè

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti já àpò gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ibùdókọ̀ ni Wáyà, atúnrédíòṣe, kò ti fọwọ́ kan rédíò ẹnikẹ́ni mọ́. Ó jókòó ti tábìlì rẹ̀, ó ń jó wáyà mọ́ wáyà, títí ó fi ṣe ẹ̀rọ kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Èèyàn á so ó mọ́ àpò, bí olè bá fa àpò, okùn á já, ẹ̀rọ á sì fi ohùn ìyàwó Wáyà kígbe pé, "Olè rè é o! Olè rè é!"

Ogún ló ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ọ̀kan, ó yìn ín títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ní ìyẹn ò kà.

"Ẹ̀gbọ́n ẹni a máa yin ẹni. Ẹni tí kò bá wa tan ló lè sọ òótọ́ fún wa. Bí oṣù yìí bá parí tí àjèjì kan ò ra ẹyọ kan, olówó orí mi, ẹ ó padà sídìí rédíò o."

Wáyà gbà. Àmọ́ ọjà ò mọ ẹni tí kò sùn nítorí ohun tó gbé wá. Wọ́n ń gbé e wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé e kalẹ̀. Tíṣà kan ní kóun kọ́kọ́ dán an wò ná. Kò tó ọjọ́ méjì tó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Ẹ gba ẹ̀rọ yín o, Ọ̀gá Wáyà! Ilẹ̀kùn báńkì ló fa okùn ẹ̀ já. Mo ní èmi kọ́, ẹ̀rọ ní èmi ni! Ẹ̀ṣọ́ méjì ló dì mí mú."

Ìyàwó Wáyà fi aṣọ tó ń rán bo ẹnu. Wáyà ò rẹ́rìn-ín. Kò rò ó rí pé "olè rè é" ò ní ìka tó fi ń tọ́ka. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Àwọn tó ń kọjá a máa ké sí i láti òde pé, "Wáyà, ta lo tún pè lólè lónìí?"

Ọjọ́ tí oṣù máa parí, Wáyà ti ń kó àwọn ẹ̀rọ náà sínú páálí nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wọn ní òdìkejì títì, yọjú.

"Wáyà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá ṣáà ti fọwọ́ kàn án ló ń pè lólè?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ń ṣe yẹ̀yẹ́? Fún mi ní mẹ́ta. Ọ̀kan fún agolo ṣúgà, ọ̀kan fún fìríìjì, ọ̀kan fún kọ́bọ́ọ̀dù. Dókítà ní baálé mi ò gbọdọ̀ lá ṣúgà mọ́, àfi bí ẹsẹ̀ bá ti sú u, tó fẹ́ kí wọ́n gé e."

Ó dun Wáyà díẹ̀. "Ìyá, ààbò ojú títì ni mo ṣe é fún."

"Ta ló fẹ́ já àpò mi gbà? Ẹni tó ń jà mí lólè, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn. Àmọ́ ohùn ìyàwó ẹ ti tutù jù. Tèmi ni kó o gbà sí i."

Wáyà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn gbójú sókè wo àjà. "Wọn ò kúkú bá wa tan," ló wí, ó sì ti dìde lọ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbohùn sílẹ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì fa èémí sínú, ó na ọrùn:

"Baálé mi, fi ṣúgà yẹn sílẹ̀!"

Láti ojú fèrèsé kan ní òdìkejì títì, ohùn ọkùnrin dáhùn pé, "Mi ò tíì fọwọ́ kàn án!"