Oògùn Tí Ìyá Mi Tọ́ Wò

Ìyá mi kì í jẹ́ kí oògùn tí kò tíì kan ahọ́n òun wọ ẹnu ọmọ rẹ̀. Àgbo ni o, ti òyìnbó ni o, òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Nígbà tó wá bá mi gbé ní àdúgbò Hausari ní Màídúgùrì, irùngbọ̀n mi ti ń funfun, síbẹ̀ kò yí i padà.

Ẹ̀fọ́rí túúlu ló ń bá mi jà. Bó bá dé, ẹ̀gbẹ́ kan orí mi á máa lù kìkì, ìmọ́lẹ̀ á sì di ọ̀tá mi. Dókítà wá fún mi ní oògùn tuntun. Kí n tó bu omi, ìyá mi ti ju odidi hóró kan sẹ́nu.

"Màmá, ẹ̀yin lorí ń fọ́ ni? Ẹ kúkú bá mi lọ síbi iṣẹ́ náà."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Bó bá máa pa èèyàn, èmi ni kó kọ́kọ́ bá."

Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán. Oòrùn Màídúgùrì ń ta lórí páànù, ìka ìyá mi tutù bí omi àmù. Ó ní ó dà bíi pé wọ́n gbé ọmọ odó lé òun láyà. Kẹ̀kẹ́ Napẹ́ẹ̀pù ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà náà, ọmọ Ìlọrin kan.

"Haba, Ìyá! Oògùn ẹlòmíì kẹ̀?"

Ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ó ní oògùn náà máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Kì í ṣe ti orí tó ń fọ́ nìkan. Lára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe pàápàá, ẹ̀jẹ̀ lè má ṣàn dé ìka bó ti yẹ. Ó ní yóò rọlẹ̀, àti pé òun ti yẹ èmi wò dáadáa kóun tó fún mi. Ó sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Ọkàn ìyá mi ni kò rọlẹ̀.

"Ohun tí ò ń gbé mì nìyẹn, ọkọ mi?"

Olùkọ́ ni mí. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ. Àtìgbà náà, bí mo bá ti ilé ìwé dé, ìka mi ló máa ń gbá mú kó tó kí mi ní "káàbọ̀." Mo gbìyànjú kí n má lò ó mọ́. Ẹ̀fọ́rí dé, ìyá mi jókòó tì mí nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀, mò ń kérora, ó ń sunkún. Mo gbé oògùn mì. Orí fúyẹ́. Ó di ìka mi mú.

"Ó ti tutù," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ń padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. "N ò lè ní kí o máa jẹ̀rora. N ò sì lè máa wo ikú tó ń yọ́ wọ ọmọ mi lára."

Ní gáréèjì ojú ọ̀nà Baga, mo na ọwọ́ sí i láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Orí ò fọ́ mi lọ́jọ́ náà, n ò lo nǹkan kan. Ọwọ́ mi gbóná. Ó wò ó títí. Ó kó tirẹ̀ sábẹ́ ìborùn, kò fọwọ́ kàn án.